Ọwọ́ Tó Sún Àmì Lórí Yanrìn

Níyìọlá kò bẹ ẹ̀yin òǹkàwé pé kí ẹ káàánú òun. Ohun tó kọ́kọ́ sọ nìyẹn kó tó jókòó sọ ìtàn yìí: "Ẹ kọ ọ́ bó ṣe rí. Ẹni tó bá fẹ́ bú mi, kó bú mi dáadáa. Ṣùgbọ́n kó bú mi lórí ohun tí mo ṣe, kó má bú mi lórí ohun tí wọ́n ní mo ṣe."

Torí pé ní Festac, ẹ̀ṣẹ̀ méjì ni wọ́n kà sí i lọ́rùn. Ọ̀kan jẹ́ tirẹ̀ lóòótọ́. Èkejì, ó ní bí ilẹ̀ bá mọ́ lọ́la, òun á tún un dá.

Ilé wọn wà nínú klóòsì kan, òpópónà kékeré tí kò já síbì kankan, lẹ́yìn Fifth Avenue. Bàbá rẹ̀ ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, òun ló sì kọ́kọ́ fi ọ̀pá gọ́ọ̀fù lé e lọ́wọ́ nígbà tí ọ̀pá náà ṣì ga jù ú lọ. Lilian ń gbé nínú ilé tó kọjú sí tiwọn. Ṣọ́ọ̀ṣì kan náà ni wọ́n ń lọ, ọ̀pá kan náà ni wọ́n jọ ń pín gbá kí olúkúlùkù tó ní tirẹ̀. Nígbà tí àwọn méjèèjì di ẹni tó ń fi gọ́ọ̀fù ṣiṣẹ́, ìjọ gbàdúrà fún wọn níwájú pẹpẹ bí ìgbà tí wọ́n ń rán ọmọ lọ sí òkè òkun.

Sáà wọn àkọ́kọ́ lórí Túọ̀ Kékeré ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Túọ̀ Kékeré ni gbogbo wọn ń pe ìdíje àwọn ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ iṣẹ́ náà. Láti ìgbà òjò títí di ìgbà ọyẹ́, wọ́n á máa lọ láti pápá dé pápá, wọ́n á sì máa ro máàkì ìdíje kọ̀ọ̀kan pọ̀. Tí sáà bá parí, obìnrin méjì tó bá wà lókè á bọ́ sí Túọ̀ Ńlá, níbi tí wọ́n ti ń wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ gbá a nílẹ̀ òkèèrè. Ẹni kẹta á padà sílé, á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀.

Àyè méjì péré. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ẹ sì jẹ́ kí n ṣàlàyé nǹkan kan fún ẹni tí kò tẹ pápá gọ́ọ̀fù rí, torí inú rẹ̀ ni gbogbo wàhálà náà wà. Ní pápá àwọn olówó, koríko tútù yọ̀yọ̀ ló yí ihò ká. Púpọ̀ nínú àwọn pápá Túọ̀ Kékeré kò ní irú rẹ̀. Yanrìn tí wọ́n da ọ́ìlì pò ni wọ́n tẹ́ síbẹ̀, bráùn ni wọ́n ń pè é. Bọ́ọ̀lù tó bá balẹ̀ lórí bráùn á dá kòtò kékeré síbi tó dúró sí. Wàá fi àmì pẹlẹbẹ kan sẹ́yìn bọ́ọ̀lù, wàá gbé bọ́ọ̀lù kúrò, wàá fa pákó ìgbálẹ̀ lórí yanrìn kí ọ̀nà tó lọ sídìí ihò lè tẹ́jú, lẹ́yìn náà ni wàá dá bọ́ọ̀lù padà síwájú àmì. Iwájú àmì nìkan lo lẹ́tọ̀ọ́ láti fi pákó gbá. Ẹ̀yìn kò kàn ọ́.

Kò sì sí rẹfirí tó ń tẹ̀ lé ọ láti ihò dé ihò. Ẹni tí ẹ jọ ń gbá a ló ń ṣọ́ ọ, òun ló ń kọ iye tí o gbá sílẹ̀, ìwọ náà ń kọ tirẹ̀. Bí ojú ẹnì kejì rẹ bá fọ́, eré náà fọ́ nìyẹn.

Níyìọlá kì í gba ìrẹ́jẹ. Gbogbo ẹni tó mọ̀ ọ́n ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní ìdíje àkọ́kọ́ pàápàá, òun ló jà fún Ìgbẹ́kẹ̀lé.

Ìgbẹ́kẹ̀lé ló kéré jù nínú wọn. Ọmọ Ijegun-Egba ni, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Bàtà kánfáàsì ló wọ̀ wá sí pápá lọ́jọ́ náà, alága ìgbìmọ̀ tó ṣètò ìdíje sì ní kò lè fi irú bàtà bẹ́ẹ̀ wọlé.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà," ni Ìgbẹ́kẹ̀lé wí, "bàtà yìí mọ gọ́ọ̀fù gbá ju èmi gan-an lọ."

Gbogbo ènìyàn rẹ́rìn-ín. Alága kò rẹ́rìn-ín.

Níyìọlá bọ́ síwájú. "Sà, ẹ fi òfin tó sọ bẹ́ẹ̀ hàn wá."

"Ta ló ń bá ọ sọ̀rọ̀?"

"Kò sẹ́ni tó ń bá mi sọ̀rọ̀, sà. Èmi ni mò ń bá yín sọ̀rọ̀. Bàtà yìí kò ní ba pápá jẹ́. Tí ẹ bá lé e, ẹ jẹ́ a jọ máa lọ."

Wọn kò lé ẹnikẹ́ni. Láti ọjọ́ náà ni Ìgbẹ́kẹ̀lé ti ń tẹ̀ lé e kiri bí òjìji. Á rí i lókèèrè, á ké: "Àǹtí Níyì! Lọ́yà mi!"

Irú ẹni tí Níyìọlá jẹ́ nìyẹn. Ìdí nìyẹn tí ohun tó ṣe lẹ́yìn náà fi burú tó bó ṣe burú.

Ìdíje kejì ni Níyìọlá ti kọ́kọ́ rí ọwọ́ Lilian.

Bọ́ọ̀lù Lilian dúró síbi tó jìnnà díẹ̀ sí ihò. Lilian bẹ̀rẹ̀, ó fi àmì sílẹ̀, ó gbé bọ́ọ̀lù. Nígbà tó tún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sún àmì náà síwájú, kò ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ó wá fa pákó ìgbálẹ̀ láti ẹ̀yìn wá síwájú, wẹ́rẹ́, bí ẹni tí kò ro nǹkan kan. Kòtò tí bọ́ọ̀lù ti kọ́kọ́ dúró sí pa rẹ́. Yanrìn tẹ́jú bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀.

Níyìọlá rò pé ojú òun ló ṣe é. Ní ihò tó tẹ̀ lé e, ó tún rí i.

Ó kọ iye tí Lilian gbá sílẹ̀, ó sì fọwọ́ sí i.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, nínú yàrá tí wọ́n jọ gbà, Lilian ń lọ síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

"Lilian, mo rí ọ lánàá."

"O rí mi níbo?"

"Lórí bráùn. O sún àmì."

Lilian kò gbójú sókè. Ó wọ́n omi sí síkẹ́ẹ̀tì náà, áyọ́ọ̀nù hó ṣìì. "Ó mà pẹ́ kó o tó rí i o. Mo rò pé ojú ẹ mú."

"Mi ò bá ọ ṣeré. Ìyànjẹ nìyẹn."

"Ìyànjẹ?" Lilian gbé áyọ́ọ̀nù dúró. "Ó yá, jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ìyànjẹ. Àwọn ọmọ Ikoyi yẹn, orí kí ni wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́? Orí koríko, pẹ̀lú kóòṣì òyìnbó. Àwa ńkọ́? Orí ilẹ̀ tí ewúrẹ́ ń jẹ̀ ní Àmùwò. Ìyẹn, wọn kì í pè é ní ìyànjẹ. Àbí ìwọ kọ́ lò ń gbé e sórí WhatsApp lójoojúmọ́ pé ayé ò dọ́gba? Ìwọ ń sọ ọ́ lẹ́nu. Èmi ń mú un dọ́gba. Ìbú ọwọ́ kan péré!"

"Lilian, ṣùgbọ́n..."

"Ta ló kú? Tìẹ náà, tó o bá fẹ́ ṣe é, èmi ò ní rí i. Àyè méjì ló wà, àwa náà méjì la jáde nínú klóòsì kan. Kí ló tún kù? Wá bá mi di síkẹ́ẹ̀tì yìí mú jàre, ó ń yọ̀."

Níyìọlá bá a di síkẹ́ẹ̀tì náà mú.

Ó ní òun fẹ́ kí ẹ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà gbà wọ òun lára. Kì í ṣe ojúkòkòrò ló kọ́kọ́ ṣí ilẹ̀kùn. Ìbínú ni. Ìbínú sí ayé tí kò dọ́gba, ìbínú tó tọ́, òun gan-an ni Lilian fi ṣe kọ́kọ́rọ́. Tí ẹnì kan bá sọ fún ọ pé wá jalè, wàá sá. Tó bá sọ fún ọ pé wá gba ẹ̀tọ́ rẹ, wàá jókòó gbọ́ ọ.

Ní ìdíje kẹta, bọ́ọ̀lù Níyìọlá dúró síbi tó ṣòro. Tó bá gbá a wọlé, ó máa gòkè. Tí kò bá wọlé, á já wálẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀. Ó wò ó, Lilian ti kọ ẹ̀yìn sí i, ó ń wo ojú ọ̀run bí ẹni tó ń retí òjò.

Ọwọ́ rẹ̀ sún àmì.

Kò sí mànàmáná, kò sí ààrá. Bọ́ọ̀lù yí lọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó wọ ihò. Àwọn tó ń wòran pàtẹ́wọ́. Ohun tó dẹ́rù bà á jù nìyẹn, pé àtẹ́wọ́ náà dùn mọ́ ọn bí èyí tó ṣiṣẹ́ fún.

Láti ìgbà náà, àdéhùn ti wà láàárín wọn láìsọ ọ́. Ṣáájú eré, wọ́n á di ọwọ́ ara wọn mú, wọ́n á gbàdúrà kí Ọlọ́run tọ́ ọwọ́ wọn sọ́nà. Tí wọ́n bá dé orí bráùn, ọwọ́ mọ̀nà ara rẹ̀. Lọ́jọ́ Ìsinmi, ìjọ á ní kí wọ́n dìde, wọ́n á kí wọn. Màmá Lilian tó ń fi Sienna rẹ̀ gbé wọn lọ gbogbo ìdíje á máa kọrin láti Mile 2 títí dé ẹnu géètì. "Àwọn ọmọ mi! Ẹ ó gòkè, ẹ ò ní sọ̀ kalẹ̀!"

Nígbà tó ku ìdíje kan péré, èyí tí í ṣe ìkarùn-ún, Níyìọlá wo ipò tí kálukú wà. Lilian ló wà lókè. Òun àti Ìgbẹ́kẹ̀lé ni wọ́n jọ wà ní ipò kejì, máàkì wọn dọ́gba. Bernice, ọmọ Ikoyi kan ṣoṣo tó ṣì kù, wà ní ipò kẹrin, ó jìnnà sí wọn. Àwọn yòókù ti já.

Ibẹ̀ ni nǹkan ti ta á lára. Àwọn tí Lilian ní àwọn ń bá dọ́gba ti ṣubú tipẹ́. Ẹni tó kù tí wọ́n ń rẹ́ jẹ ni ọmọ Ijegun-Egba tó ń wọ bàtà kánfáàsì.

Ó bá Lilian sọ ọ́ lọ́nà. Màmá Lilian ti páàkì ní Mazamaza, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ ra omi. Àwọn méjèèjì nìkan ló kù nínú ọkọ̀.

"Lilian, ká gbá èyí tó kẹ́yìn bó ṣe yẹ. Jọ̀ọ́."

"Kí ló dé?"

"Ìgbẹ́kẹ̀lé là ń yàn jẹ. Ìgbẹ́kẹ̀lé o! Ṣé ọmọ Ikoyi lòun náà ni?"

Lilian yíjú sí i. Ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì, kì í ṣe ojú ìkà. "Níyì, màámi ti sọ fún gbogbo ìjọ pé mò ń lọ. O mọ màámi. Tó o bá fẹ́ gbé àyè tìẹ fún ọmọ yẹn, gbé e fún un. Má gbé tèmi."

Màmá Lilian dé. "Kí lẹ̀ ń sọ tí ojú yín le báyìí?"

"Gọ́ọ̀fù ni, Mọ́mì," ni Lilian wí.

Lọ́jọ́ tí sáà máa parí, wọ́n kó àwọn mẹ́ta tó wà lókè sínú ọ̀wọ́ kan: Lilian, Níyìọlá, Ìgbẹ́kẹ̀lé. Níyìọlá ti pinnu lọ́kàn rẹ̀. Kò sún àmì rẹ̀ rárá lọ́jọ́ náà, bí bọ́ọ̀lù bá ṣe dúró ló ṣe ń gbá a. Ó rò pé ìyẹn tó.

Ihò kan kù sí ìparí nígbà tí Lilian sún tirẹ̀. Níyìọlá rí i kedere. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, ojú mìíràn náà rí i.

"Àǹtí Lilian, ẹ má bínú o," ni Ìgbẹ́kẹ̀lé wí. "Ibi tí bọ́ọ̀lù yín wà kọ́ nìyẹn."

"Kí lo sọ?"

"Ẹ̀yìn ló wà, ma. Ẹ ti gbá ojú rẹ̀ rẹ́."

"Ìwọ ọmọdé yìí, èmi lò ń pè lólè?"

"Mi ò pè yín lólè, ma. Bọ́ọ̀lù ni mò ń sọ."

Wọ́n pe rẹfirí. Ọ̀gbẹ́ni Olúgbóyèga ni orúkọ rẹ̀, àgbàlagbà tó máa ń sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo yanrìn títí. Yanrìn tẹ́jú, kò sí ohun tó lè sọ fún un.

"Yàtọ̀ sí ẹ̀yin méjèèjì, ta ló rí i?"

"Àǹtí Níyì wà níbẹ̀, sà." Ojú Ìgbẹ́kẹ̀lé mọ́lẹ̀ bíi ti ẹni tó ti jàre. "Ẹ bi wọ́n. Àǹtí Níyì kì í purọ́."

Gbogbo wọn yíjú sí Níyìọlá.

Ó ní gbogbo ohun tó lè fà á sẹ́yìn ló kọjá lójú òun nígbà náà: Sienna, klóòsì, orin Màmá Lilian, bàbá òun tó ti ń kí gbogbo àlejò pẹ̀lú ìròyìn òun. Èyí tó wà nídìí gbogbo rẹ̀, tó tijú láti sọ, ni pé bí Lilian bá ṣubú, Lilian á sọ tirẹ̀ náà.

"Mi ò rí nǹkan kan, sà."

"Àǹtí Níyì?" Ohùn Ìgbẹ́kẹ̀lé lọ sílẹ̀.

"Mo ní mi ò rí nǹkan kan."

Wọ́n gbá ihò tó kù. Ìgbẹ́kẹ̀lé kò tún la ẹnu rẹ̀ mọ́. Bọ́ọ̀lù tó ti ń gbá wọlé bí ẹni ń mumi láti àárọ̀ yà kúrò lẹ́nu ihò. Ó fi ẹyọ máàkì kan péré ṣe ẹni kẹta.

Bí ọ̀rọ̀ náà bá parí síbẹ̀, Níyìọlá ní òun kò mọ̀ bóyá òun ìbá sọ̀rọ̀ láéláé. Ṣùgbọ́n nígbà tí gbogbo ènìyàn péjọ síwájú ilé ẹgbẹ́ láti gba àmì ẹ̀yẹ, alága dìde, ó wúkọ́ díẹ̀.

"Kí a tó bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀. Ọmọdé kan fẹ̀sùn kan ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní gbangba, kò sì rí ẹlẹ́rìí. Ọmọ Yorùbá ni wá. Ní gbangba náà ló ti máa bẹ̀bẹ̀. Ìgbẹ́kẹ̀lé, bọ́ síwájú. Kúnlẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ."

"Kò sí ẹ̀kọ́ ilé mọ́!" ni Màmá Lilian wí láàárín èrò.

Ìgbẹ́kẹ̀lé wo ọ̀tún, ó wo òsì. Kò wo ibi tí Níyìọlá wà. Ó kúnlẹ̀.

"Ẹ má bínú, ma. Ẹ forí jì mí."

Lilian gbé ọwọ́ lé e lórí. "Dìde, ọmọ dáadáa. Mo ti dárí jì ọ́. Nígbà mìíràn, kó o máa la ojú rẹ dáadáa."

Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́.

Ìdáríjì yẹn ni Níyìọlá kò rí gbé mì. Wọ́n gba àyè ọmọ ọlọ́mọ, ó ti burú. Wọ́n tún wá ń dárí jì í!

"Má tíì dìde, Lilian ló yẹ kó wá bá ọ nílẹ̀ níbẹ̀," ló bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó yí ọ̀rọ̀ náà padà: "Rárá. Dìde, Ìgbẹ́kẹ̀lé. Dìde! O ò jẹ ẹnikẹ́ni ní ẹ̀bẹ̀."



"Níyìọlá, kí ló ṣẹlẹ̀?" ni Ọ̀gbẹ́ni Olúgbóyèga bi í.

"Mo rí i, sà. Lilian sún àmì. Mo rí i bí mo ṣe ń rí yín báyìí. Mo purọ́ fún yín."

"Ṣé o ti ya wèrè ni?" Lilian sáré dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó sọ ọ́ ní ohùn kékeré. "Sọ pé o ń bínú. Sọ pé ẹ̀fọ́rí ń yọ ọ́ lẹ́nu. Níyì, mo bẹ̀ ọ́."

"Kì í ṣe òní nìkan, sà. Láti ìdíje kejì ni."

"Ó dáa!" Lilian pariwo. "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Sọ tìẹ náà, ẹni mímọ́! Sọ tìẹ fún wọn!"

"Mo fẹ́ sọ ọ́." Níyìọlá kọjú sí àwọn èrò. "Èmi náà sún tèmi. Ní ìdíje kẹta àti ìkẹrin. Lilian rí mi, ó gbójú sápá kan. Mo rí i, mo gbójú sápá kan. Àyè méjì tí ẹ fẹ́ fún wa yìí, olè la fi gbà á. Ẹ̀yin alága, sà, ẹni tí ẹ ní kó kúnlẹ̀ yẹn, òun nìkan ló gbá gọ́ọ̀fù nínú ọ̀wọ́ wa."

Alága ní kó jókòó. Kò jókòó. Níyìọlá ní kí wọ́n gba máàkì òun àti ti Lilian padà. Ó ní tí wọ́n bá lè fi ìwọ̀sí lọ ọmọdé ní gbangba láìrí ẹ̀rí, kí wọ́n fi ẹnu yẹn náà bẹ̀ ẹ́ ní gbangba.

Wọ́n pa máàkì àwọn méjèèjì rẹ́. Wọ́n ní wọn kò gbọdọ̀ tẹ pápá Túọ̀ fún sáà méjì. Ìgbẹ́kẹ̀lé bọ́ sókè, ó di ẹni kìíní. Bernice, ọmọ Ikoyi, gba àyè kejì. Ní ti ẹ̀bẹ̀ tó yẹ kí alága bẹ Ìgbẹ́kẹ̀lé, ó ní ọjọ́ ti lọ.

Sienna kò gbé Níyìọlá padà. Ó gbé àpò ọ̀pá rẹ̀ kọ́ èjìká, ó wọ bọ́ọ̀sì dé Mile 2, ó fi ẹsẹ̀ rìn wọ Festac.

Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, wọ́n ti pe ìpàdé sí pálọ̀ bàbá rẹ̀. Pásítọ̀ Ernest jókòó láàárín. Màmá Lilian jókòó sápá ọ̀tún, ojú rẹ̀ wú. Bàbá Níyìọlá wà lórí àga rẹ̀, ó ń wo ilẹ̀.

"Ọmọ mi," ni Pásítọ̀ bẹ̀rẹ̀, "kò sẹ́ni tó ní kó o máa purọ́. Ṣùgbọ́n ilé ẹni la ti í jẹ èkúté onídodo. Ó yẹ kó o gbé e wá sílé, ká yanjú rẹ̀ nínú ìfẹ́."

"Èkúté tá a jẹ yìí, Pásítọ̀, ti Ìgbẹ́kẹ̀lé ni. Kò sí nínú ilé wa."

"Ẹ gbọ́ o!" Màmá Lilian dìde. "Ẹ gbọ́ ẹnu ẹ̀! Mo fi ọkọ̀ mi gbé ọ, mo fi oúnjẹ mi bọ́ ọ. Ta ló wá gba àyè rẹ? Ọmọ Ikoyi! Ọmọ olówó tí ìwọ fúnra rẹ ń bú lójoojúmọ́!"

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Níyìọlá lára.

"Ẹ ṣeun fún gbogbo rẹ̀, ma. Mi ò ní gbàgbé. Ṣùgbọ́n Bernice gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀ níbi tó dúró sí. Àyè rẹ̀ ni. Tí ẹ̀tọ́ bá jẹ́ ti àwa tálákà nìkan, kì í ṣe ẹ̀tọ́ mọ́."

"Bẹ̀bẹ̀," ni bàbá rẹ̀ wí, ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Níyìọlá, bẹ màmá yìí. Kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ pé inú ń bí ọ nígbà tó o sọ̀rọ̀, pé o ò mọ ohun tó o sọ nípa Lilian. Gba tìẹ, fi tirẹ̀ sílẹ̀. Mo ṣe iṣẹ́ ìjọba títí irun mi fi funfun. Mo rí àwọn tó sọ òótọ́. Mo rí ibi tí wọ́n gbé àga wọn lọ."

"Dádì, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé tí bọ́ọ̀lù bá mì, tí kò sí ẹni tó rí i, kí n sọ ọ́."

"Bọ́ọ̀lù tìẹ ni mo sọ! Mi ò ní kó o máa sọ ti ọmọ ẹlòmíràn."

Níyìọlá kúnlẹ̀ níwájú Màmá Lilian. "Ẹ má bínú pé mo dójú tì yín. Ẹ má bínú pé mo rí Lilian láti ìdíje kejì tí mi ò pè é padà. Ìyẹn ni mo bẹ̀ yín fún, ma. Mi ò bẹ̀bẹ̀ pé mo sọ ọ́. Mi ò sì ní kọ ìwé kankan."

Màmá Lilian jáde. Ilẹ̀kùn dún gbàà.

Títí di òní, Lilian kì í kí i. Tí wọ́n bá pàdé níwájú géètì, ọ̀kan nínú wọn á wo fóònù. Níyìọlá ní ó ń dun òun, ó ń dun òun gan-an, torí kò sí ẹlòmíràn tí òun lè bá rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ láyé. Àwọn kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ti ń pè é ní ọ̀dàlẹ̀. Ó gbà pé ọ̀dàlẹ̀ lòun. Ó ní ẹni tí òun dà kọ́ ni wọ́n ń dárúkọ.

Ẹni tó dà náà, ó wá a lọ. Ó wọ kẹ̀kẹ́ dé Ijegun-Egba, ó bá Ìgbẹ́kẹ̀lé nínú ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń ta ẹja tútù. Ìgbẹ́kẹ̀lé gbé páálí ẹja tó ti dì mọ́ra sókè, ó là á mọ́lẹ̀, gbìì! kó lè tú. Kò kí i.

"Mo wá bẹ̀ ọ́," ni Níyìọlá wí.

"Nítorí kí ni?"

"Nítorí mo rí i, mo ní mi ò rí i. Nítorí mo dúró títí o fi kúnlẹ̀. Nítorí àyè tìẹ ni mo ti ń jí láti ìdíje kẹta, tó o sì ń pè mí ní lọ́yà rẹ."

Gbìì! Ẹja fọ́n ká.

"Ẹ mọ èyí tó dùn mí jù, Àǹtí?" Ìgbẹ́kẹ̀lé nu ọwọ́ rẹ̀ mára aṣọ. "Kì í ṣe kíkúnlẹ̀. Nígbà tí ẹ ní ẹ ò rí nǹkan kan, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé bóyá lóòótọ́ ni mi ò rí i. Bí mo ṣe kúnlẹ̀ yẹn, mo ti gbà pé èmi ni mo ṣẹ̀. Mo gba ojú yín gbọ́ ju ojú tèmi lọ."

Níyìọlá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń ṣa ẹja tó fọ́n ká.

"Mi ò dárí jì yín o."

"Mi ò wá gba ìdáríjì. Mo wá sọ ọ́ lójú rẹ ni."

"Ó dáa. Ẹ ti sọ ọ́." Ó fa páálí mìíràn jáde nínú fírísà, ó dúró. "Ṣé ẹ máa padà wá gbá a tí sáà méjì bá pé?"

"Nílé, wọ́n ní kí n gbàgbé gọ́ọ̀fù. Mo máa padà wá."

"Ẹ rí i pé ẹ padà o. Tí ẹ ò bá padà, wọ́n á máa sọ pé torí wọ́n lé yín ni mo ṣe dé òkè. Mi ò fẹ́ àyè àánú. Mo fẹ́ nà yín, kí gbogbo ayé máa wò ó."

"O ò lè nà mí."

Ìgbẹ́kẹ̀lé wò ó láti òkè dé ilẹ̀. "Ẹnu yín ṣì le báyìí?"

"Ó ṣì le."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀." Ó la páálí náà mọ́lẹ̀. "Ẹ dìde kúrò lójú iṣẹ́ mi, Àǹtí. Ẹ lọ máa kọ́ gọ́ọ̀fù yín."